Ooru, Aṣọ Òtútù àti Ọmọ Tuntun: Ohun tí Ojú Mi Rí ní Dubai

Láti ìgbà tí ìyàwó ọmọ mi ti bímọ ní àìpẹ́ yìí ni akọ̀wé wa ti ń sọ fún mi pé kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ojú ìwé ìròyìn ẹbí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá sí ibi ìsọmọlórúkọ. Mo dúpẹ́ pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ kó fìlà onírun, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù wá fún ọmọ. Ọlọ́run yóò san án padà fún yín.

Ṣùgbọ́n nítorí aṣọ òtútù wọ̀nyí gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí i pé n kò jẹ́ kí wọ́n fi wọ ọmọ náà. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń sọ lẹ́yìn mi pé nítorí pé mo ti dé ìlú òkèèrè ni mo ṣe ń gbéra ga. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ohun tí ó dẹ́rù bà mí ni n óò sọ fún yín lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni fún mi.

Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ mí ní Relief Market ló mọ̀ pé ooru kì í ṣe ohun tí ń mú mi sá. Onitsha wa yìí, ní etí Odò Ọya, kì í ṣe ìlú tútù. Bí ó bá di oṣù kejì àti oṣù kẹta, páànù orí ìsọ̀ a máa gbóná bí agbada àkàrà, bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò sì jókòó lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí n óò máa ta ìrẹsì mi. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Dubai bímọ ní oṣù keje ọdún 2018, tí mo sì ń múra láti lọ ṣe ohun tí àwọn ará Ìgbò tí a jọ ń gbé ń pè ní ọmúgwọ̀, àwọn ènìyàn kìlọ̀ fún mi nípa ooru ibẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi wọ́n rín. Mo ní ẹni tí ó ti jókòó lábẹ́ páànù ní Onitsha, ooru wo ni yóò tún pa á lára? Àwọn àgbà kúkú sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èmi rò pé ooru aṣálẹ̀ ni mo ń lọ bá, ooru gbígbẹ bí ti Kano, tí ètè á máa là. Òru ni a gúnlẹ̀. Bí mo ti jáde kúrò nínú ilé tí ọkọ̀ òfúrufú ń balẹ̀ sí, gíláàsì ojú mi ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, n kò rí nǹkan kan mọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò ìrẹsì, tí oru rẹ̀ sì gbá a lójú. Ọkọ ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibí yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀bá òkun la wà." Ó ṣàlàyé fún mi pé òkun ibẹ̀ kò jìn, oòrùn a sì máa yan án ní gbogbo ìgbà ooru títí omi rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi yìí ń gòkè sínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò ń di òjò. Fún nǹkan bí oṣù méjì tí mo lò, n kò rí ẹ̀kán òjò kan, síbẹ̀ ara mi kò gbẹ rí bí mo bá ti bọ́ sí ìta. Àwọn tí ó ti lọ sí Jeddah ní etí Òkun Pupa nínú yín yóò mọ irú ooru tí mo ń wí.

Deira ni wọ́n ń gbé, ní ilé alájà púpọ̀, kò jìnnà sí Creek, ọ̀sà tí ó wọ àárín ìlú. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni omi ẹ̀rọ. Orí òrùlé ni táǹkì omi wà, oòrùn á sì ti sè é. Bí ènìyàn bá ṣí ẹ̀rọ omi tútù ní ọ̀sán, omi gbígbóná ni yóò dà sí i lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á pa iná ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná nínú ilé, kí omi inú rẹ̀ lè tutù nínú iyàrá, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bu omi tútù! Ìró tí mo sá sí ìta ní àárọ̀ kò ní í gbẹ di ìrọ̀lẹ́. Gàrí tí mo gbé lọ láti Onitsha, tí mo gbàgbé láti di ẹnu rẹ̀, dì gúlútú ó sì bu. Ó yẹ kí èmi tí ń ta oúnjẹ mọ ohun tí èyí ń sọ, ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran.

Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo wa ń pè ní A.C., ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Èmi àti A.C. yìí kò rẹ́. Mo ní òtútù yóò wọ ọmọ lára. Mo dé fìlà fún ọmọ, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo sì fi ṣọ́ọ̀lù méjì wé e. Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí a má ṣe máa dì í tó báyìí." Mo dáhùn pé, "Ṣé àwọn ni ó bí ọ ni? Ṣé báyìí kọ́ ni mo ṣe di ìwọ náà?" Ó dákẹ́. Ọmọ tí a kọ́ kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn.

Nígbà tí ọmọ pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ọkọ ọmọ mi ti lọ sí ibi iṣẹ́. Ìyá ọmọ kò sùn lóru, nítorí náà mo ní kí ó lọ sùn. Mo gbé ọmọ lọ sí iyàrá kékeré tí mo ń sùn. Mo pa A.C., mo ti fèrèsé nítorí eruku, mo sì di ọmọ mi dáadáa. Oorun gbé èmi náà lọ. Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán ni mo jí, òógùn ti rin mí gbindin. Mo wo ọmọ. Ara rẹ̀ pọ́n, ó gbóná bí iná, ó ń mí tìẹ̀-tìẹ̀. Kò sunkún. Mo gbé e, ọrùn àti apá rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo kígbe.

Ọmọ mi sáré wọlé, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn, nọ́ọ̀sì ará India kan tí ó ti ibi iṣẹ́ òru dé. Kí a tó ṣẹ́jú, obìnrin náà ti tú gbogbo ohun tí mo dì mọ́ ọmọ, ó gbé e sí iyàrá tí ó tutù, ó sì ń fi aṣọ tí ó rì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ara rẹ̀. Kò lo omi dídì. Mo ti bu omi sí ṣíbí láti fi sí ọmọ lẹ́nu, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọmú nìkan ni. Ọmọ kọ ọmú ní ìgbà kìíní, ó kọ̀ ọ́ ní ìgbà kejì. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń bọ̀ nígbà tí ó gbà á. Nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹnu rẹ̀ bí ó ti ń mu ọmú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n dá a dúró sùn ní ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ kan, ó sì yè. Ọmọ mi kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín, ẹ kò mọ̀ ni." Lóòótọ́ n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti sọ fún mi, mo sì fi àgbà pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí ó ń dùn mí di òní nìyí.

Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì náà fi ọ̀nà ìró mi tí mo sá hàn mí. Ó ní bí òógùn ti ń gbẹ lára ni ara ń tutù. Ní ibi tí aṣọ kò bá ti gbẹ, òógùn pàápàá kò ní í gbẹ, ooru yóò sì wà nínú ara. Ó ní ọmọ tuntun kò lè làágùn bí àgbàlagbà, kò lè bọ́ aṣọ ara rẹ̀, kò sì lè sọ pé ooru ń mú òun. Omi rẹ̀ wà nínú ọmú ìyá rẹ̀. Títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kò nílò omi mìíràn, àní nígbà ooru. Ìyá ọmọ ni kí ó máa mu omi, kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú léraléra. Mo ronú sí i. Ní àkókò ọyẹ́ ní Onitsha, aṣọ a máa gbẹ kíá. Ní oṣù keje, ọjọ́ méjì kò tó o. Mo ti ń rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ara ọmọ ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí a bá fi aṣọ tí ó rin wé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, tí ó sì fi 35 ti Celsius hàn síbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó jókòó sí abẹ́ ibòòji pẹ̀lú omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìkú. Àwọn mìíràn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2022 lára àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá rí i pé ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, ní nǹkan bí 31. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́, kí ni a ó sọ nípa ọmọ ọwọ́ àti arúgbó?

Kí n tó padà sílé, ọkọ ọmọ mi mú mi lọ sí Al Fahidi láti wo ilé àtijọ́. A wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní abra kọjá Creek, owó dírhámù kan ni, mo sì rántí ohun tí àwọn àgbà wa sọ nípa bí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá láti Asaba sí Onitsha kí a tó parí afárá ní ọdún 1965. Mo rí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ kí iná mànàmáná tó dé ibẹ̀. Ògiri wọn nípọn, àgbàlá wà láàárín, òpó gíga kan sì wà lórí òrùlé, tí ojú rẹ̀ ṣí sí ọ̀nà mẹ́rin láti mú afẹ́fẹ́, kí ó sì darí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú iyàrá. Barjeel ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí kò lówó á fi imọ̀ ọ̀pẹ déètì kọ́ ilé tí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ìdílé a sì máa fi etí òkun sílẹ̀ ní ìgbà ooru, wọ́n á lọ sí inú ọgbà déètì ní òkè ilẹ̀. Lónìí pẹ̀lú, láti 15 oṣù kẹfà di 15 oṣù kẹsàn-án, òfin ìlú náà kò gba kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti agogo méjìlá ààbọ̀ di agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn tí a bí sínú ooru gan-an kò fi ojú kékeré wò ó. Èmi àlejò ni mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn bàbá wa náà gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ilé amọ̀ wọn nípọn, koríko wà lórí rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́. Àwa ni a bọ́ sábẹ́ páànù tí kò ní sílìn, tí a di fèrèsé nítorí olè àti ẹ̀fọn, tí a wá ń wé ọmọ bí ẹ̀kọ sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo bẹ onílé wa, mo sì dá owó sí i pẹ̀lú, a fi sílìn sí iyàrá, a ṣí fèrèsé kejì tí wọ́n ti dí, a sì fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ̀yin ìyá mi, èyí ni ẹ̀bẹ̀ mi. Bí a bá bímọ nígbà ooru, ẹ jẹ́ kí aṣọ fẹ́lẹ́ kan tó. Ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn àti àyà ọmọ, ẹ má fi ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gbóná, tí ó ń mí kíákíá, tí kò fẹ́ mu ọmú tàbí tí ó rọ̀, ẹ tú u, ẹ gbé e sí ibi tí ó tutù, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sì máa yà kí àwọn àgbà wa tí wọ́n ń dá gbé ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí ẹ fún wọn ní omi mu. Bí ọmọ yín bá sì ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ tán. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ní ti ọmọ tí mo ń sọ, ó ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó bi mí pé, "Ìyá àgbà, ṣé ooru wà ní Onitsha?" Mo ní, "Ó wà o, ọmọ mi. Ọlọ́run ṣeun tí ìwọ náà wà."

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onírẹsì, Relief Market.