Ẹrù Orí Kẹ̀kẹ́: Ohun Tí Mo Rí Ní Wageningen

Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí a bá dárúkọ ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, aṣọ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn. Hollandis ni àwọn ìyá wa ń pe àǹkárá tí ó dára jù, ìlú Helmond sì ni ilé iṣẹ́ Vlisco tí ń tẹ̀ ẹ́ wà láti ọdún 1846. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì yóò rí i pé kì í ṣe aṣọ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù 18 ni ó ń gbé ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ wọn sì ju mílíọ̀nù 23 lọ. Ní ìlú Utrecht, lábẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n kọ́ ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí kan tí ó gba kẹ̀kẹ́ 12,500. Ọdún 2019 ni wọ́n parí rẹ̀.

Wageningen ni èmi lọ ní tèmi. Ìlú kékeré ni, ó wà ní ẹ̀bá odò Rhine, yunifásítì tí ó wà níbẹ̀ láti ọdún 1918 sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ọ̀gbìn. Àwọn òpìtàn mọ ìlú náà nítorí pé nínú ilé ìtura kan níbẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun ti jíròrò bí àwọn ọmọ ogun Jámánì tí ó wà ní ilẹ̀ náà yóò ṣe túúbá, ní oṣù karùn-ún ọdún 1945. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí òwúrọ̀ rẹ̀. Láti agogo méje ààbọ̀ ni òpópónà ti máa ń kún, síbẹ̀ ẹ kò ní gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ẹ ó rí ìyá tí ó gbé ọmọ kan síwájú, tí ó gbé ọ̀kan sẹ́yìn, tí àpò ìwé àti ewébẹ̀ ọbẹ̀ alẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń yíjú wò ó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn. Ní ilẹ̀ wa, kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ ti bàbá. Òun ni olùkọ́ àgbà fi ń lọ sí ilé-ìwé, òun ni wolé-wolé fi ń kiri àgbàlá, òun náà sì ni adẹ́mu fi ń gbé akèrègbè ti oko bọ̀. Obìnrin tí ó bá gùn ún nígbà náà, ẹnu ará àdúgbò kì í kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí alùpùpù dé, àwọn bàbá pàápàá pa á tì, ó wá di ohun tí a fi ń dá tálákà mọ̀. Ní Wageningen, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń kọ́ wa a máa fi kẹ̀kẹ́ wọlé, òjò a sì máa kán láti etí fìlà rẹ̀. A bọ́ aṣọ òjò, a gbé e kọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ìyàwó ọ̀dọ́ kan láti Ìjẹ̀bú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí òun tọ̀ ni àwọn kan nínú yín yóò tọ̀. Ọkọ rẹ̀ rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, òun náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi jókòó sínú yàrá nínú òtútù. Owó tí wọ́n ń fún ọkọ kò tó owó ilé àti oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta. Nígbà tí ó ṣe, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Bennekom, ìletò tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún lọ. Agogo méje òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Sunday pẹ̀lú, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kì í sì í tètè jáde lọ́jọ́ Sunday. Ọ̀gá ibẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn? Kò mọ̀ ọ́n gùn. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wà ní orílẹ̀-èdè náà tí ń kọ́ àwọn obìnrin àjòjì ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Wọ́n yọ pẹ́dà kúrò lára kẹ̀kẹ́ ná, wọ́n rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè kanlẹ̀, ó wá ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ síwájú bí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn, títí ara rẹ̀ fi mọ bí a ti ń dúró láìṣubú. Ó sọ fún mi pé ìtìjú rẹ̀ pọ̀ ju ìrora lọ, nítorí àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ń kọjá lára rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń juwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ó gùn ún láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun kejì. Nígbà tí mo fi pàdé rẹ̀, ó ti lé ní ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì mọ ẹrù dì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kí ó jẹ́ kí n wá wò ó.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, alẹ́ sì ni òwúrọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ti sùn, a tẹ́ gbogbo ohun tí yóò kó lọ sórí tábìlì. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò gbé ohunkóhun kọ́ ẹ̀yìn tàbí èjìká. Àpò méjì tí omi kò lè wọ̀ ni ó fi kọ́ kárìà ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ẹrù bá wà nísàlẹ̀ tí ó sì dọ́gba, kẹ̀kẹ́ kì í fì. Àpò tí a so kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. A máa fa ọwọ́ náà sí apá kan, bí ó bá sì kó wọ inú táyà iwájú, kẹ̀kẹ́ yóò dúró gbọnrangandan, ẹni tí ó gùn ún yóò sì kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo dúró lé jù, ẹ kò sì ní bá mi wí, nítorí iṣẹ́ mi ni. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì a máa fi wàràkàṣì há àárín búrẹ́dì, wọ́n a kó o sínú ike, ó parí. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò lè fi ìyẹn ṣe oúnjẹ ọ̀sán ní gbogbo ọjọ́ ayé. Ìrẹsì ni ó ń gbé lọ. Ìrẹsì tí a sè sì léwu ju bí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ti rò lọ: kòkòrò àìrí kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa tán, tí a máa pọ̀ sí i bí a bá fi ìrẹsì náà sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ da omi híhó sínú kúlà tàbí fúláàsì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu ìrẹsì tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀ sí i. Bí kò bá sí fúláàsì, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ sísè ju wákàtí méjì lọ níta, nínú ooru ilẹ̀ tiwa kí ó má ju wákàtí kan lọ. Ọbẹ̀ ń fẹ́ ìgò tí ìdérí rẹ̀ ń yí, kì í ṣe èyí tí a ń tẹ̀ dé. Ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé e, kí ẹ gbé e dúró sí ìsàlẹ̀ àpò, ní ọ̀tọ̀ sí ibi tí aṣọ wà. Epo pupa tí ó bá dà sí aṣọ iṣẹ́ funfun kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Kò fi aṣọ iṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́. A ká a roboto bí ẹni ká ẹní, nítorí aṣọ tí a ká kì í rún bí èyí tí a ṣẹ́ ní ìṣẹ́po, a sì kó o sínú ọ̀rá. Bàtà iṣẹ́ wà níbi iṣẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni tówẹ́ẹ̀lì kékeré, ọṣẹ àti kóòmù. Lórí kẹ̀kẹ́, ṣòkòtò ni ó ń wọ̀. Àwọn tí kì í wọ ṣòkòtò lè fi síkẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ̀ gun irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà, èyí tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí a kò níláti gbé ẹsẹ̀ sókè kí a tó gùn ún. Wọ́n a fi ìbòrí bo ṣéènì rẹ̀ yíká, wọ́n a sì fi àwọ̀n tàbí awọ bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn kí etí aṣọ má baà kó wọ̀ ọ́. Ìró ni kí ẹ gbàgbé. Bí ó ti wù kí a wọ́n ọn mọ́ra tó, yóò tú, bí ó bá sì tú, ṣéènì ni yóò kọ́kọ́ rí i. Gèlè, inú àpò ni.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ìyàwó yìí ní ẹ̀wù òjò àti ṣòkòtò òjò, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ nílé rí, bí ó ti wù kí oòrùn ràn tó. Agbòòrùn kò sí nínú ẹrù rẹ̀, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni búrẹ́ẹ̀kì ń fẹ́. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì ju súwẹ́tà lọ ní àkókò òtútù. Ara a máa móoru bí a ti ń wà á, ṣùgbọ́n ìka tí ó bá ti kú tipiri kò lè fa búrẹ́ẹ̀kì. Ní oṣù Kejìlá, ó ń lọ sí agogo mẹ́sàn-án kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òkùnkùn a sì ti dé ṣáájú agogo márùn-ún. Iná funfun tàbí ìyeyè níwájú, iná pupa lẹ́yìn: òfin ni. Òfin ni pẹ̀lú, láti oṣù Keje ọdún 2019, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di fóònù mú lórí kẹ̀kẹ́.

Ọkọ ni ó ń gbé ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ní òwúrọ̀, ìyá ni ó ń gbé e bọ̀. Mo bi í bóyá ó ti gbìyànjú àtipọn ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀já kì í ṣe ti orí kẹ̀kẹ́, ẹ̀yin ìyá. Bí ìyá bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọmọ ni yóò wà lábẹ́. Òfin ibẹ̀ sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ níláti ní ìjókòó tirẹ̀, tí ó ní ibi ìfẹ̀yìntì, ibi ìdìmú àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó bá ń fì lásán lè wọ inú wáyà táyà.

Ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn Dọ́ọ̀ṣì pàápàá ra mọ́tò, wọ́n fẹ ọ̀nà, wọ́n sì ti kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1971 nìkan, ó lé ní 400 ọmọdé tí mọ́tò pa. Ní ọdún 1972, àwọn òbí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ẹ Dẹ́kun Pípa Ọmọdé, wọ́n sì dí òpópónà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí epo wá wọ́n ní ọdún 1973, ìjọba fi òfin de mọ́tò ní àwọn ọjọ́ Sunday kan, àwọn ènìyàn sì rí bí títì ti rí láìsí ewu. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pupa tí mo ń rìn lórí rẹ̀ ní Wageningen, igbe àwọn ìyá wà nínú rẹ̀.

Ní ilé, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé kẹ̀kẹ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìpànìyàn ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oṣù wa lójú wa. Ìyá tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì tí ó sì ń gbé inú rẹ̀, olùkọ́ ní ìlú tí kò tóbi, tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ ní ojú ọ̀nà àdúgbò, irú wọn ni mo ń bá wí. Kí wọ́n jáde kí oòrùn tó mú, kí wọ́n gbé omi dání, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tòkúǹbọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wà ní ọjà wa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí irin ti so pọ̀ mọ́ irin bóyá ó ti là tàbí wọ́n ti jó o. Ẹ fa búrẹ́ẹ̀kì méjèèjì kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ yí táyà, kí ẹ wò ó bóyá ó ń yí geere tàbí ó ń jó. Bí ẹ bá jókòó lé e tí pẹ́dà sì wà nísàlẹ̀, orúnkún yín kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Àwọn tí ń tà á a máa yọ àwọ̀n ẹ̀gbẹ́ táyà àti ìbòrí ṣéènì dànù, wọ́n ní ó ń mú kẹ̀kẹ́ wúwo. Ẹ bèèrè wọn kí ẹ tó sanwó.