Oúnjẹ Àlejò ní Ìlú Augusta

Ẹ̀yin aya àti ìyá ọ̀wọ́n, bí ọkọ yín bá ń wo ìdíje gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kékeré àti ihò nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé ìlú Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ilé àti ti oúnjẹ wà níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kì í gbé ojú kan. Ní oṣù kìn-ín-ní, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n máa ń wà. Ní oṣù kẹta, wọ́n a dé Florida. Bí oṣù kẹrin bá sì wọlé, ó di Augusta. Láti Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń díje, ẹni tí kò bá sì ṣe dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yóò di ẹrù rẹ̀.

Pápá Augusta rẹwà púpọ̀. Ọgbà tí wọ́n ti ń gbin igi àti òdòdó tà ni tẹ́lẹ̀, orúkọ igi àti òdòdó ni wọ́n sì fi ń pe ihò méjìdínlógún rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwà lẹwà, ìwà pápá náà kò sì tó ẹwà rẹ̀ nígbà kan. Láti 1934 tí ìdíje Masters ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n sì ń gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó díje títí di 1975.

Lee Elder ni ó ṣí ọ̀nà náà. Kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí òun ni ó gba ife-ẹ̀yẹ Nigerian Open ní Èkó ní 1971. Rose, ìyàwó rẹ̀, tí òun náà mọ gọ́ọ̀fù gbá, ni alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan halẹ̀ pé àwọn yóò pa á. Nítorí náà, ilé méjì ni ó háyà ní Augusta, tí ó ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ilé oúnjẹ kan kọ̀ láti ta oúnjẹ fún òun àti àwọn tí ó bá a wá. Nígbà tí ìròyìn náà dé Paine College, kọ́lẹ́jì àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní ìlú náà láti 1882, wọ́n gba ètò oúnjẹ wọn ṣe.

Elder kò kọjá ọjọ́ kejì. Jack Nicklaus ni ó gba ife náà. Síbẹ̀, bí ó ti ń bọ̀ ní ihò kejìdínlógún, àwọn alásè àti agbáwo dúdú jáde wá wò ó.

Ní 2012 ni ẹgbẹ́ tí ó ni pápá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin wọlé, Condoleezza Rice sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Ní 2020, wọ́n kéde ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ní orúkọ Elder, fún ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní Paine College yẹn kan náà. Elder kú ní 2021, ní ẹni ọdún 87.

Ẹ̀yin ìyá, bí àlejò tí ẹ kò mọ ẹ̀yà rẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bu oúnjẹ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí yín bí ẹ ti ń bù ú.