Nọ́ńbà Kọ́ Ló Ń Wọ Ara Aláìsàn

Àwa tí a ń kọ software, ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà la máa ń gbà gbọ́. Tí test bá ti kọjá, ó parí nìyẹn, a ti ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Àwọn ẹnjiníà ilé ìwòsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ń ṣe iṣẹ́ náà. Tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ tó ń da omi òògùn sínú iṣan ṣe tán, wọ́n á ní kó máa da 60 mílílítà ní wákàtí kan, wọ́n á gbé ife oníwọ̀n sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa wo aago. Tí ìṣẹ́jú 30 bá pé, tí ohun tó wà nínú ife ò sún mọ́ 30 mílílítà, ẹ̀rọ yẹn ò ní padà sí wọ́ọ̀dù, bó ti wù kí ojú rẹ̀ máa sọ pé kò sí wàhálà. Wọ́n ní nọ́ńbà kọ́ ló ń wọ ara aláìsàn, òògùn ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn rán wa létí Therac-25, ẹ̀rọ ará Kánádà tí wọ́n fi ń ta ìtànṣán sí àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn tó ṣe é yọ àwọn ìdènà onírin tó wà lára ti ìṣáájú, wọ́n fi ààbò lé software lọ́wọ́. Láàárín 1985 sí 1987, ó kéré tán, èèyàn mẹ́fà ló gba ìtànṣán àpọ̀jù.

Ní oṣù kẹta 1986, ó jó aláìsàn kan ní ìlú Tyler, Texas. Ojú ẹ̀rọ ní ìtànṣán tó wọlé kéré. Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ní oṣù kẹrin, ó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì ló kú.

Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà, dá ẹ̀rọ dúró. Òun àti òṣìṣẹ́ tó ń darí rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí wọ́n fi rí i: tí ọwọ́ bá yá jù nígbà tí èèyàn ń ṣàtúnṣe ohun tó tẹ̀, ojú ẹ̀rọ á yí padà, inú rẹ̀ ò ní yí tán.

Ní báyìí, tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn wá fún wa, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni pé: ta ni yóò gbé ife oníwọ̀n síbẹ̀? Tí kò bá tíì sí ẹni náà, a kì í bẹ̀rẹ̀.