Ológbò Ìyá Mi Àgbà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo bá ológbò ìyá mi àgbà nínú ìnira. Tọ̀sán-tòru ni ó ń họra; irun ìdí rẹ̀ ti re, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ sì ń sáré kiri ní ọrùn rẹ̀. Kì í ṣe eégbọn tí í lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara màlúù ni mo ń wí. Èyí a máa fò bí a bá nawọ́ sí i.

Èmi, olùkọ́ ọ̀la, rò pé mo gbọ́n. Mo bu kẹrosíìnì sí àkísà, mo sì fi pa á lára. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lá ara rẹ̀ ni itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó bì, ó sì sá sí abẹ́ ibùsùn. Gbogbo ohun tí ó bá kan irun ológbò ni yóò dé inú rẹ̀, nítorí ahọ́n rẹ̀ ni kànìnkànìn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè borí ọ̀pọ̀ oró tí ẹ̀dọ̀ tiwa ń borí. Àní oògùn kòkòrò ara ajá tí a fi permethrin ṣe lè pa á.

Ìyá mi àgbà kò bú mi. Wọ́n kàn béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé bí o ó ti máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nìyí?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹgba lọ.

Wọ́n ní kí n gbé omi kaná, kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ àpò sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yọ̀. Omi náà kò ju ikùn rẹ̀ lọ. Ọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ pa yí ká, kí àwọn kòkòrò má baà sá lọ sí ojú àti etí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ ẹ̀yìn àti ikùn, tí wọ́n sì ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá. Wọn kò da omi lé e lórí; àkísà tútù ni wọ́n fi nu ojú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Èmi tí mo dì í mú gírígírí ni ó ya léèkánná. Bí mo ti dẹwọ́ ni ó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwẹ̀ kan kò tó. Ẹyin kòkòrò náà kì í dúró lára ẹran. Orí ẹní àti inú ihò ilẹ̀ ni ó ń jábọ́ sí. Ibẹ̀ ni ó ti ń pa, ọmọ rẹ̀ a sì hun ilé bo ara rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ni mo ń fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀, tí mo ń ti òòyà náà bọ omi ọṣẹ kí àwọn tí mo mú lè kú. Mo ń gbálẹ̀, mo sì ń sá ẹní sóòrùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́ta péré ni mo rí lára òòyà. Ní òwúrọ̀ tí mo ń padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó jókòó lórí àpótí mi. Mo nawọ́ sí i. Ó gbóòórùn ọwọ́ náà pẹ́ títí, ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá ìyá mi àgbà.