Ọjọ́ Ìkẹyìn Lẹ́bàá Odò Danube

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ìrìn àjò ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń hàn kedere jù lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ara gbogbo ènìyàn ni ó máa ń yá. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ẹsẹ̀ ti wúwo, olúkúlùkù ti ń ronú ilé rẹ̀, sùúrù sì ti ń tán lọ.

Àwa obìnrin Yorùbá mẹ́fà tí ń gbé ní ìlú London ni a jọ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Passau ní ilẹ̀ Jámánì dé Vienna, olú-ìlú ilẹ̀ Austria. Ọ̀nà náà lé ní 300 kìlómítà. Ẹ má jẹ́ kí iye yìí bà yín lẹ́rù. Etí odò Danube ni ọ̀nà náà gbà, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sì í gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn òbí tí wọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ ó sì rí àwọn arúgbó tí ń rọra lọ ní tiwọn.

Ìlú Krems ni a sùn mọ́jú ọjọ́ keje. Ìpẹ̀kun àfonífojì Wachau ni ìlú yìí wà, níbi tí èso àjàrà àti èso apricot ti pọ̀ yanturu. Ó ku ohun tí ó lé ní 70 kìlómítà kí a dé Vienna.

Ní Zwentendorf, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá kan tí a kọ́ láti máa fi agbára átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná. Wọ́n kọ́ ọ parí, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, àwọn ará ìlú dìbò lórí rẹ̀. Ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n dì, ìbò tí kò tó 30,000 péré ni àwọn tí kò fẹ́ ẹ sì fi borí. Ẹ kò rí i pé kò yẹ kí a fojú tín-ín-rín ohùn ènìyàn díẹ̀?

Nígbà tí a dé Tulln, èyí tí ó kéré jù láàárín wa sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kò tíì pẹ́ tí ó já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó sì fi ọmọ náà sí. Ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ. Èmi yóò wọ ọkọ̀ ojú irin, a ó pàdé ní Vienna.” Kò farapa, orúnkún rẹ̀ kò sì wú. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé òun ni ó ń dá wa dúró, àti pé àwọn kan ti sọ fún un kí ó tó kúrò nílé pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kọjá agbára abiyamọ.

Àwọn méjì nínú wa ní kí a jẹ́ kí ó lọ, nítorí a ti pinnu láti rí ààfin Schönbrunn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa àgbà wí pé, “Àbúrò mi, Vienna kò ní sá fún wa.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí a dá. Atẹ́gùn ń fẹ́ kò wá lójú. Ẹni tí ó bá wà níwájú ni ó ń gba agbára atẹ́gùn, iṣẹ́ a sì dínkù fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí. Nítorí náà, àwọn tí ara wọn le ń gba iwájú ní ìdà-ń-dà, a fi àbúrò wa sí ipò kejì, ohùn rẹ̀ ni a sì fi ń mọ bí a ó ti yára tó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé Klosterneuburg, níbi tí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1114 wà. A jẹ búrẹ́dì, a mu omi, a sì tún gbéra.

Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí rí Donauinsel, erékùṣù tí ó gùn tó 21 kìlómítà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é, láàárín ọdún 1972 sí 1988, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ojú odò mìíràn kí àgbàrá má baà bo ìlú mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Vienna, a pẹ́ ju àkókò tí a dá lọ ní wákàtí méjì. A kò rí ààfin náà. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a jọ sọ̀ kalẹ̀, àbúrò wa sì pe ilé kí ó tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rin irú ìrìn yìí, ẹ kọ́kọ́ fi gígun kẹ̀kẹ́ kọ́ra nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó gba ìmọ̀ràn dókítà. Ẹ mú páńpù àti túbù táyà dání. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fohùn ṣọ̀kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí ohun tí ẹ ó ṣe bí ó bá rẹ ẹnìkan. Kí àlọ yín ó dára, kí àbọ̀ yín ó sàn.