Títún Àtẹ Tò Láì Ti Ọjà Pa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti gbọ́ rí ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, tàbí níbi tí a ti lọ gba ìwé ìjọba: "Ẹ padà wá lọ́la, a ń tún ẹ̀rọ ṣe." Ẹni tó wọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn á yí padà sílé, kò sì sí ẹni tó máa dá owó ọkọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a gbà pé bí àtúnṣe ṣe ń rí nìyẹn: kí nǹkan tó lè dára, àfi kí a kọ́kọ́ tilẹ̀kùn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ pg_repack ló yí èrò mi padà.

Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí owó iṣẹ́ yìí ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn kún un. Mo máa ń bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Àbújá tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Yorùbá, Hausa, Gbagyi àti Tiv ló wà níbẹ̀: aláta, aláṣọ, olóúnjẹ. Wọ́n ń fi owó pamọ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbà á nígbà tí ọ̀ràn bá délẹ̀. Inú dátábéèsì PostgreSQL ni gbogbo rẹ̀ wà.

Tí iye owó ẹnìkan bá yí padà, PostgreSQL kì í pa ìlà àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìlà tuntun ló ń kọ, á sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀, torí pé ẹlòmíràn lè máa kà á lọ́wọ́. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n òkú ìlà ń kó jọ. Agbálẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ autovacuum, tó ń gbá wọn kúrò kí ìlà tuntun lè ráyè. Àmọ́ tí ètò kan bá ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láì parí rẹ̀, agbálẹ̀ ò ní lè kó òkú tó bá ti ìgbà náà ṣẹlẹ̀. Ètò ìṣirò kan tí ẹgbẹ́ náà rà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí a fi máa dá a dúró, àtẹ tí ohun ààyè inú rẹ̀ kò ju gígábáìtì 6 lọ ti gba 41 lórí dísíìkì. Gbígbá nìkan kò sì tó mọ́, nítorí àyè tí agbálẹ̀ bá gbà padà kì í sábà kúrò nínú àtẹ náà.

PostgreSQL fúnra rẹ̀ ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ VACUUM FULL. Ó ń kọ gbogbo àtẹ ní àkọtun, á sì dá àyè padà fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n títí tó fi máa parí, ó máa ti àtẹ náà pa: kò sí kíkọ, kò sí kíkà. Alága ní kò burú, kí a ti ìwé owó pa ní Fúráìdé àti Sátidé. Màmá kan tó ń ta ẹ̀wà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, bi mí pé, "Àǹtí, ṣé àìsàn ọmọ mi náà máa dúró de Mọ́ńdè ni?"

Mi ò ní èsì fún un, ni mo bá dá a lábàá pé ká lo pg_repack. Inú pg_reorg, tí ilé-iṣẹ́ NTT ní Japan ṣe, ni wọ́n ti mú un jáde, ọ̀fẹ́ ni. Kò ní bọ́tìnnì kankan, àṣẹ lẹ máa tẹ̀ sójú tẹ́mínà. Mo kọ́kọ́ fi --dry-run sí i kí n lè rí ohun tó fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà mo tẹ:

pg_repack --table=owo egbe

Ó ṣí ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ náà, kí gbogbo ohun tó bá yí padà lè máa wọ ibẹ̀. Ó ṣe àtẹ tuntun, ó da ìlà ààyè nìkan sínú rẹ̀, ó ṣe atọ́ka rẹ̀. Ó wá ka ìwé ẹ̀gbẹ́ náà, ó fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín kún ti tuntun. Ìgbẹ̀yìn ló pààrọ̀ wọn, tó sì ju ti àtijọ́ nù. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó fẹ́ parí nìkan ló ti àtẹ pa, fún ìgbà kúkúrú. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, akápò san owó fún Màmá ẹlẹ́wà. Nígbà tó parí, 41 ti di 7.

Kò wá láì ní iye owó. Ìwé ìlànà rẹ̀ ní kí àyè tó ṣófo tó bí ìlọ́po méjì àtẹ náà àti atọ́ka rẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ san owó dísíìkì sí i. Alága kùn dáadáa. Àtẹ náà sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí ìlà méjì kò lè jọ ní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irinṣẹ́ náà ò ní mọ ìlà tí àyípadà kan jẹ́ ti rẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Kò sí àtúnṣe tí kì í náni lówó. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn, àwa tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà la ń san án, pẹ̀lú owó ọkọ̀, iṣẹ́ tí a pa tì àti ìtọ́jú tó falẹ̀. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń san án, pẹ̀lú àyè, ètò àti sùúrù. Mo mọ̀ pé àwọn àtúnṣe kan wà tí títì jẹ́ dandan fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, títì ló rọrùn fún ẹni tó ń tún un ṣe ni. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ rọra bi wọ́n pé: ta ló ń san owó àtúnṣe yìí?