Ìtìjú Ló Ṣílẹ̀kùn fún Olè: Ẹ Gbọ́ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́ja Ìpọ̀nrí

Gbogbo ọjà Ìpọ̀nrí ló ti ń pe ìyá yìí ní Àlàájà kó tó fojú kan Mẹ́kà rárá. Ẹja gbígbẹ ló ń tà. Bó bá ti ń ka ẹja fún oníbàárà, ẹlẹ́ran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pariwo pé, "Àlàájà wa, ẹ fi èènì sí i o, ilé Ọlọ́run lẹ̀ ń lọ!" Ìyá á rẹ́rìn-ín, á sì fi ẹyọ kan lé e. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń dá owó lọ́dọ̀ alájọ. Ọjọ́ tó bá tà, ó dá. Ọjọ́ tí òjò ò jẹ́ kó tà, ó yáwó dá a.

Nígbà tí NAHCON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn àjò Mẹ́kà, kéde owó ọdún 2025, ó lé ní mílíọ̀nù 8 náírà fáwọn tó ń ti ìhà Gúúsù lọ. Háà! Mílíọ̀nù 4 péré ló wà lọ́wọ́ ìyá. Ó jókòó ti ẹja, kò lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù mú ọmọkùnrin kan wá sí ìsọ̀. Ó wọ jalabíà funfun, ó mú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà.

"Ẹ má dààmú, Màmá. Mílíọ̀nù 4 yẹn náà á gbé yín dé Árafà. Físà wà nílẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ò sì jìnnà sí Káábà. Àmọ́ èèyàn méjì ló kù o, ọjọ́ Jímọ̀ la máa tì í."

Ìyá ní kóun kọ́kọ́ bi ọmọ òun tó ń gbé ní Ìkòròdú. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá a lóhùn pé, "Àlàájà, ṣé ẹ fẹ́ kí àyè yìí bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ni? Èmi ti san tèmi." Ọ̀rọ̀ tó gbé e ṣubú nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó sanwó sí báǹkì. Kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lórí àkáǹtì náà o, orúkọ èèyàn ni!

Ó rán aṣọ, ó ra báàgì. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni wọ́n ń sọ fún un títí. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, tí bàálù ń gbé àwọn èèyàn lọ, fóònù ọmọkùnrin náà ò lọ mọ́. Wọ́n wá ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí Costain, ẹni tó ń ta táyà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́kún. Kì í ṣe olè, owó tiẹ̀ náà ti lọ. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé tó bá mú èèyàn wá, àwọn á dín owó rẹ̀ kù.

Kí ni ìyá yìí máa wá sọ fọ́jà tó ń pè é ní Àlàájà? Ojú tì í. Ó ti ìsọ̀, ó sá lọ sí Ìkòròdú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ti gbowó lọ́wọ́ aránṣọ kan lọ́jà kan náà. Ìyá káwọ́ lérí. Ká ní òun ti sọ̀rọ̀ ni, ìyẹn ò bá má kó sí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó padà sọ́jà, ó dúró láàárín ìsọ̀, ó sì rò ó látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Òfin ọdún 2006 ló dá NAHCON sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ará Èkó lè gbà sanwó: ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìrìn àjò Mùsùlùmí, tàbí iléeṣẹ́ tí NAHCON fún ní ìwé àṣẹ. NAHCON máa ń gbé orúkọ wọn jáde. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ló wà lórí àkáǹtì, ẹ gbówó yín padà sílé. Ẹni tó bá ní ọ̀la ló parí, ẹ jẹ́ kó parí.

Bí físà olówó pọ́ọ́kú yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, físà àbẹ̀wò ò ṣeé fi ṣe Hájì. Nínú ooru oṣù kẹfà ọdún 2024, èèyàn 1,301 ló kú ní Hájì. Ìjọba Saudi ní 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ò gbàṣẹ. Inú oòrùn ni wọ́n ti rìn jìnnà, láìsí àgọ́ tí wọ́n lè sá sí.

Ẹni tó bá sì ti kó sí i, kó sáré lọ sí báǹkì, kó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC. Òfin ọdún 2006 tó de jìbìtì ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20, kò sì sí owó ìtanràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lè mú ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Ìyá ti padà sídìí ẹja. Alájọ ti ń wá gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ṣì ń pè é ní Àlàájà, òun náà sì ń dáhùn. Àmọ́ bí àlejò kan bá wọ ìsọ̀, tó ní òun fẹ́ gbé èèyàn lọ sí Mẹ́kà, ìyá á kọ́kọ́ bi í pé, "Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì yín?" Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.